Wíwá Ẹbí Tó Jìnnà: Kútùbà Jímọ̀ Lórí Okùn Ìbí

KÚTÙBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ọmọ ènìyàn láti ara ẹ̀mí kan ṣoṣo, tí Ó sì fọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ká sórí ilẹ̀ ayé. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Allāhu nìkan ṣoṣo, kò ní orogún. A tún jẹ́rìí pé Ànábì wa Muhammad, ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di Ọjọ́ Àgbéǹde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa kí a tó sọ fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun. Nínú āyà kìíní Súrátu-n-Nisāi, ibi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí a páyà Òun, ibẹ̀ náà ni Ó ti mẹ́nu ba okùn ìbí. Àwọn àgbà onímímọ̀ máa ń tọ́ka sí i pé àwọn méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan náà. Ẹni tí ó bá ń kírun tí kò sì mọ ibi tí ọmọ ìyá rẹ̀ wà, ó yẹ kí ó padà ka āyà náà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lé okùn ìbí nígbà tí ọ̀nà bá jìn. A kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. A fẹ́ kọ́kọ́ padà sí ayé àwọn baba ńlá wa, láàárín ọdún 1800 sí 1900, nítorí pé a kò mọ ìgbà mìíràn tí ẹbí Yorùbá fọ́n ká tó ìgbà náà, tí ó sì nira tó bẹ́ẹ̀ láti gbọ́ ìró ara ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Òwu run. Ọ̀yọ́ Ilé dahoro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí orí lè rù. Ogun Ìjàyè jà láti ọdún 1860 títí di 1862. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n àgọ́ ogun kò tú títí ó fi di ọdún 1893. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí àgọ́ tó tú. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n a máa dí ọ̀nà. Ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n ní ìlú kejì lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀, kí ó má sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ńkọ́? Àwọn kan dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsílì, àwọn kan dé Cuba. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí omi ni wọ́n kó lọ sí Sàró. Ilé kan ṣoṣo ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ẹ̀gbá lè ní ọmọ ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí bàbá má sì mọ èyí tí ó wà láàyè.

Nígbà tí ọ̀nà bá ṣí, kí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn? Èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú wọn ni àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi okùn so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi rán sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí i, nítorí pé ẹẹ́fà àti fífà jọ ń dún. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ rẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí a bá so owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìbátan ni ó ń sọ, àti ìfẹ́ láti fi ojú kan ara ẹni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó, tí ó sì le tó: láti yí owó ẹyọ kan padà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Onírànṣẹ́ tí ó bá gbé e gba inú igbó kọjá mọ̀ pé ohun tí òun dì sínú aṣọ ṣe iyebíye ju owó tí a fi ṣe é lọ.

Àwa Mùsùlùmí ní ìwé pẹ̀lú. Ṣáájú kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn ààfáà ti ń fi Lárúbáwá kọ̀wé, tí wọ́n ń bá ọba kọ, tí wọ́n ń bá oníṣòwò kọ, tí wọ́n sì ń bá àwọn mẹ̀kúnnù kọ. Ẹni tí kò mọ̀wé a jókòó níwájú ààfáà, yóò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ààfáà a sì kọ ọ́. Ìlú tí ìwé náà ń lọ, ààfáà mìíràn ni yóò kà á. Nítorí náà ìwé láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí ìyá ń gba ọwọ́ ẹni méjì kọjá kí ó tó dé ọkàn tí a kọ ọ́ sí. Iṣẹ́ ààfáà ni èyí nígbà náà, ìbá sì wù wá kí àwọn ọ̀dọ́ ààfáà òde òní mọ̀ pé bí àwọn aṣáájú wọn ṣe ń ṣe wàláà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so okùn ẹbí pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Sàró. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ọkọ̀ ẹrú kan, Freetown ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ, sínú àgbàlá kan tí wọ́n ń pè ní King's Yard. Àwọn tí ó ti dé ṣáájú, tí wọ́n ti ń dáko tàbí tí wọ́n ti ń ṣòwò nínú ìlú, a máa wá wo àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọn a wo ilà ojú. Wọn a béèrè orúkọ ìlú. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ a tún béèrè orúkọ àdúgbò, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá. Nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti rí àbúrò wọn, tí àwọn kan sì ti gbọ́ pé ilé kò sí mọ́. Àwọn ará wa pọ̀ ní Sàró débi pé àwọn ẹ̀yà yòókù fún wọn ní orúkọ. Wọ́n ń pè wọ́n ní Àkú, nítorí pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìkíni wọn ni ó di orúkọ wọn! Wọ́n kó wọn ní ohun gbogbo, wọn kò rí kíkí ara ẹni gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ padà wá sí Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wá, òwò ni wọ́n sọ pé àwọn wá ṣe, òwò náà ni wọ́n sì ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n padà lọ sí Freetown pẹ̀lú ìròyìn: lágbájá wà láàyè, ó ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, tàmẹ̀dò ti kú. Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ onítòròmù tí ń gbé lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí òkun wa kọjá lóṣooṣù. Èkó ní sítáǹpù tirẹ̀ ní ọdún 1874, okùn wáyà tẹlígíráàfù tí wọ́n ń fi tẹ ìròyìn lábẹ́ omi sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1886. Ẹ má ṣe rò pé ìyẹn sọ ọ́ di ìrọ̀rùn fún gbogbo ènìyàn. Wáyà wà fún ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ìyá àgbà tí ó wà ní oko lẹ́yìn Abẹ́òkúta ṣì ń dúró de ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà.

Ti Bahia le ju ti Sàró lọ. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá, Malê ni wọ́n sì ń pe Mùsùlùmí, orúkọ tí ó jáde láti inú "ìmàle" tí ẹ mọ̀. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 1835, ní ìparí oṣù ààwẹ̀, wọ́n dìde ogun sí oko ẹrú ní ìlú Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá wá ń wọ ilé dé ilé, wọ́n sì ń kó gbogbo ìwé tí wọ́n bá rí tí a fi Lárúbáwá kọ. Àwọn kan nínú ìwé náà ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Bahia títí di òní: sūrá inú Alùkùránì, àdúà, iṣẹ́ àwọn ọmọ kéwú. Láti ìgbà náà, bébà pélébé tí ó ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lára tó láti sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Ẹ rò ó wò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ fi lè kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ ní èdè ìwé tí bàbá lè rí ẹni kà fún un, òun gan-an ni ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Licutan. Bilāl ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é. Nígbà tí wọ́n dìde ogun náà, ẹ̀wọ̀n ni ó wà, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, bí kò ṣe pé olówó rẹ̀ jẹ gbèsè, àwọn tí ó jẹ lówó sì gbẹ́sẹ̀ lé e bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ dá owó jọ láti rà á padà, olówó rẹ̀ kọ̀. Wọ́n ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ nínú ẹ̀wọ̀n láti kí i. Ẹni tí kò lè dé ọ̀dọ̀ bàbá tí ó bí i mọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tí ó rí. A kò sọ pé èyí rọ́pò okùn ìbí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú ìbátan kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn ogun náà, wọ́n lé àwọn kan kúrò ní Bràsílì, àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n dé Ouidah, Agoué, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ni baba ńlá àwọn Àgùdà Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa. Àwọn tí ó dé kò fi ìpínyà sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, nítorí pé ìyàwó ẹlòmíràn àti ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Bahia. Ìyá ń sunkún ọmọ ní ìhín, ọmọ wá ń sunkún ọmọ tirẹ̀ ní ọ̀hún. Ọkọ̀ tí ń na Èkó sí Bahia ń gbé aṣọ òfì, obì, orógbó àti ọṣẹ dúdú lọ, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ rán àwọn èrò inú rẹ̀: sọ fún wọn pé mo wà, béèrè bóyá ó ti lọ́mọ.

Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ni ó rí èyí. Ọmọ ọba kan wà láti Timbo, ní ilẹ̀ Futa Jallon, Abdul Rahman Ibrahima, tí wọ́n mú lójú ogun ní ọdún 1788 tí wọ́n sì tà sí Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ogójì ọdún ni ó fi sìn níbẹ̀. Ní ọdún 1826, lẹ́yìn tí ó ti ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ, ó jókòó, ó fi Lárúbáwá kọ ìwé kan. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ojú ọ̀nà tààrà tí ìwé lè gbà láti Mississippi dé Timbo. Àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rò pé ará Mòrókò ni, Mòrókò ni wọ́n sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí. Ìwé náà ṣìnà, ibi tí ó ṣìnà dé ni Ọlọ́hun sì gbà tú u sílẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé etí ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1828. Kí ni ó fi òmìnira rẹ̀ ṣe? Ó ń rìn láti ìlú dé ìlú ní àríwá Amẹ́ríkà, ó ń tọrọ owó láti fi ra àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó kù sí oko ẹrú. Òun àti Isabella ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ dé Monrovia ní ọdún 1829. Ní oṣù Keje ọdún náà ni ó kú síbẹ̀, kò dé Timbo, kò rí ọ̀kankan nínú àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ dé Monrovia, tí wọ́n bá ìyá wọn níbẹ̀. Àwọn yòókù kù sí oko ẹrú.

Àwọn ọ̀dọ́ kan lè sọ pé: ṣé òfò kọ́ nìyẹn? Imām Bukhārī gba ọ̀rọ̀ kan wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń san oore ìbátan padà fún ẹni tí ó ṣe é fún un kọ́ ni à ń pè ní ẹni tí ó so okùn ìbí. Ẹni tí wọ́n já okùn mọ́ lọ́wọ́, tí ó sì tún un so, òun ni. Ẹni tí ó kọ ìwé tí ó mọ̀ pé èsì lè má dé láéláé, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ Ànábì yìí.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ó le fún wa. Ní ọdún 1821, ogun kọlu ìlú Òṣoògùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn. Àjàyí yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tí ó kó wọn, Fúlàní wà níbẹ̀, Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin.

A kò gbọdọ̀ fi ojú fo èyí. Ààfáà tí ó bá ń sọ ìtàn oko ẹrú, tí ó sì di ẹ̀bi gbogbo ru aláwọ̀ funfun, kò tíì sọ òtítọ́ tán. Tirmidhī gbà á wá pé Ànábì sọ pé ẹni tí ó bá ya ìyá àti ọmọ rẹ̀, Ọlọ́hun yóò ya òun náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́ Àgbéǹde. Àwọn tí ó ń kírun ni wọ́n ṣe ohun tí hádíìsì yìí kọ̀. Ìrun wọn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Àjàyí dé èbúté, wọ́n tà á sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ọdún 1822, ó sì dàgbà sí Sàró. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kò fi fojú kan ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, kò sì jìnnà sí ìlú náà. Nígbà tí ìròyìn kàn án, kò dúró kí ọmọ wá bá òun. Òun àti arákùnrin Àjàyí ni wọ́n dìde, tí wọ́n wá a kiri wọ Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ. Gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ti kọ ọ́, ara ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè máa béèrè nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ni ó kan mọ́sálásí nínú ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Asmā'u ọmọ Abū Bakr béèrè lọ́wọ́ Ànábì nípa ìyá rẹ̀ tí kò tíì gba Ìsìláàmù, tí ó wá kí i: ṣé kí òun dá a lóhùn, kí òun ṣe é lóore? Ànábì ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Hádíìsì yìí wà nínú Bukhārī àti Muslim. Ẹ tún wo ilé yín. Ta ni nínú wa tí kò ní àbúrò ìyá tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì? Bí ìyá Àjàyí bá lè rin ọ̀nà lọ bá ọmọ tí ó ti wọ aṣọ àlejò, tí ó ti ń gbàdúrà ní ọ̀nà tí ìyá kò mọ̀, kí ni àwíjàre wa?

A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jù lọ.

KÚTÙBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì tí Ó ṣà lẹ́ṣà.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ ayé ìsinsìnyí kù. Ní ọ́fíìsì wa lẹ́yìn mọ́sálásí yìí, àwọn ìyá máa ń mú fóònù wá bá wa. Wọ́n ní kí a bá àwọn wo nọ́ńbà ọmọ àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, bóyá ohun kan ni ó ṣe é. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Nọ́ńbà ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Owó ń wọ báǹkì wọn lóṣooṣù, wọ́n sì ń dúpẹ́ fún owó náà, ṣùgbọ́n ìyá kan sọ fún wa pé òun kò mọ̀ mọ́ bóyá ọmọ òun ni ó ń fi owó náà ránṣẹ́ tàbí báǹkì. Àwọn ọmọ náà ní ẹjọ́ tiwọn pẹ̀lú, a ti gbọ́ ọ. Àwọn kan kò gbé fóònù nítorí pé gbogbo ìgbà tí ilé bá pè, owó ni ilé ń béèrè, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé ṣé òtútù kò mú yín, ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ pè é láìbéèrè ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúà tí a ń gbà lórí WhatsApp ní àárọ̀ Jímọ̀, tí a sì ń tì sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí fóònù wa. A kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn láìdárúkọ ẹnìkan kò tó ìkíni. Àwọn tí ó ń so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń so ó fún.

Ọ̀ràn tí ó wúwo jù lọ ni ti àwọn tí kò jìnnà rárá. A ti jókòó parí ìjà ọmọ bàbá kan náà lórí ilé ogún, tí ẹnìkan ń gbé ní ìgboro yìí, tí èkejì ń gbé ní òdìkejì odò, tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ogun lójú ọ̀nà. Kò sí ọlọ́pàá tí ń kó ìwé. Nínú ọ̀rọ̀ tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá já okùn ìbí kò ní wọ Àlùjánnà. A kò mọ bí ènìyàn yóò ṣe gbọ́ èyí, tí yóò sì tún sùn lórí ilé tí ó gbà mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò mọ ibi tí ẹni wọn wà ní tòótọ́: ọmọ tí ó gba aṣálẹ̀ Libya lọ, ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí fóònù rẹ̀ kú láti ìgbà náà. Fún ẹ̀yin yìí, ẹ rántí Ànábì Yaʿqūb nínú Súrátu Yūsuf. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nítorí ẹkún, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà pé Yūsuf kò sí mọ́, òun ṣì ní kí wọ́n lọ wá a, kí wọ́n má sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ẹ̀wù ni Yūsuf fi ránṣẹ́ sí i níkẹyìn, kì í ṣe ìwé. Bàbá sì gbọ́ òórùn ọmọ rẹ̀ kí ẹni tí ó gbé ẹ̀wù náà tó dé. Ẹ rántí ìyá Ànábì Mūsā pẹ̀lú, tí ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé kí ó tọ ipa rẹ̀ lẹ́bàá odò, kí ó máa wò ó láti òkèèrè. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ìtìjú dákẹ́. Ẹ wá rí wa lẹ́yìn ìrun, ẹ mú orúkọ rẹ̀ ní kíkún wá, orúkọ ìlú tí wọ́n rí i kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. A ní àwọn ènìyàn ní àwọn mọ́sálásí ìlú òkèèrè tí wọ́n lè bá wa béèrè.

Ohun kan tí ó kù kéré, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní Freetown mọ iyì rẹ̀. Tirmidhī gbà á wá pé Ànábì ní kí a kọ́ nípa ìran wa tó ìwọ̀n tí a ó fi lè so okùn ìbí. Ní King's Yard, ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, tí kò mọ àdúgbò ilé rẹ̀, ta ni yóò dá a mọ̀? Àwọn òbí Mohammed Shitta dé Sàró láti ìhín, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ nígbà tí ìdílé náà padà dé Àgbádárìgì ní ọdún 1844, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti wá. Òun ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894. Ọmọ Àgùdà tí ó ti Bràsílì dé, João Baptista da Costa, ni ó bá a kọ́ ọ. Ọmọ Sàró pẹ̀lú ọmọ Àgùdà, ọ̀nà méjì tí wọ́n gbà kó wa lọ, tí wọ́n pàdé lórí bíríkì kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè, ẹ kọ orúkọ ìran yín sílẹ̀ fún wọn kí oṣù yìí tó parí: orúkọ ilé, orúkọ àdúgbò, oríkì, orúkọ àwọn tí ó ti kú àti ibi tí a sin wọ́n sí.

Ọlọ́hun Ọba wa, Ìwọ tí O dá Yūsuf padà fún bàbá rẹ̀, tí O dá Mūsā padà sí àyà ìyá rẹ̀, dá àwọn tí ó sọnù padà fún àwọn tí ń wá wọn. Rọ ọkàn àwọn tí ń bínú sí ara wọn. Forí jin àwọn baba wa àti àwọn ìyá wa tí ó kú sí Bahia, sí Cuba, sí Sàró, sí Mississippi, tí kò sí ìbátan kankan tí ó kírun sí wọn lára. Forí jin àwọn tí ó tà wọ́n, bí wọ́n bá ronú pìwà dà kí ikú tó dé. Dáàbò bo àwọn ọmọ wa tí ó wà lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ àti lórí omi ní òru òní. Āmīn.

Ẹ dìde fún ìrun.